Ohun Tí Ń Wọ Etí Ìyá Kàdírì

Manchester,
13 Oṣù Kẹta, 1994.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlékúmù. Mi ò mọ èyí tí mo lè fi kọ́kọ́ kí yín nínú méjì: ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni, tàbí ẹ kú ọ̀fọ̀. Lónìí tí a kúrò ní yídì, àwọn èèyàn ń dì mọ́ra wọn, èmi ń wá ibi tí mo lè fara pamọ́ sí. Wọ́n ní ẹni tó bá kú nínú ààwẹ̀, Ọlọ́run ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni, mi ò sì fojú kàn wọ́n kí wọ́n tó gbé wọn sin.

Ẹ má bínú pé mi ò wálé. Ìwé tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba wọn níbí kò tíì jáde. Bí mo bá fi ìlú yìí sílẹ̀ báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé padà. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ òkú.

Ẹ rántí Ọ̀gbẹ́ni Abdulraheem tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ará Tanke, tó wá ṣe kọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa níbí? Ìyàwó rẹ̀ tó wá kí yín ló sọ fún un lórí fóònù pé Bàbá Àgbà Ìbráhímù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti yí ojú sípíkà bàbá mi méjèèjì sí ògiri, pé orin kankan kò gbọdọ̀ dún lágbolé títí ẹ ó fi jáde tákàbá. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń jókòó sílé ṣọ̀fọ̀, ó gùn, Màmá. Láti ìgbà tí mo ti fi sípíkà yẹn ránṣẹ́, mi ò rò pé ìrọ̀lẹ́ kan wà tí bàbá mi rán fìlà láìsí orin dàdàkúàdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí ẹ̀yin náà ò sì jókòó tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yín ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Nítorí náà, mo ti fún Ọ̀gbẹ́ni Abdulraheem ní hẹ́ẹ̀dìfóònù kan kó mú un wá fún yín lóṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń lo bátìrì. Irin rẹ̀ máa ń gba orí kọjá, tìmùtìmù kékeré méjì á sì bo etí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù wa, torí ohun tí wọ́n ń bi mí jù nìyí: èwo ló dáa láti fi gbọ́ orin nílé, sípíkà orí tábìlì ni àbí hẹ́ẹ̀dìfóònù? Sípíkà máa ń bá yàrá ṣe é pọ̀ ni. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ igun ògiri jù, ohùn ìlù á máa kùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò. Bí kọ́tìnnì bá pọ̀ nílé, á gbé àwọn ohùn tó tínrín mì. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín, kí òun àti sípíkà méjèèjì dà bí òkúta ààrò mẹ́ta. Hẹ́ẹ̀dìfóònù ní tirẹ̀ ò bá yàrá da nǹkan pọ̀. Ilé ìbáà kéré, ìbáà ṣófo, ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ gan-an lẹ máa gbọ́, títí kan ìgbà tí akọrin mí, ìgbà tó gbé itọ́ mì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mú etí gbóná, inú orí ẹni sì ni orin ti máa ń dún dípò iwájú ẹni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ohun tó bá wà nínú rẹ̀, ti ẹni tó dé e nìkan ni. Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá yín wí.

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀: Kùránì kíkà kan, àti dàdàkúàdà méjì tí bàbá mi fẹ́ràn. Ẹ fi tu ara yín nínú.

Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá mi, á sì dá yín sí fún mi.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ wà nílé,
Àbdùlkàdírì.


Agbolé Aránfìlà,
Pàkátà, Ìlọrin.
24 Oṣù Kẹrin, 1994.

Kàdírì ọmọ mi,

Wàlékúmù sàláámù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú yẹn ti ń dínkù? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì ṣì ni? Ní tèmi, ara le, a dúpẹ́. Ọkàn ni kò tíì mọ ibi tí yóò jókòó sí.

Lẹ́tà rẹ dé, ẹrù rẹ náà dé. Abdulraheem fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Nítorí pé opó ni mí, ìta ló jókòó sí, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ náà. Naimat, ìyàwó kékeré Bàbá Àgbà, ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, tó tún ń gbà á lọ́wọ́ mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

O ṣàlàyé dáadáa, ọmọ èmi tíṣà ni ọ́ lóòótọ́. Mo fún ọ ní máàkì tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí o ti kùnà, torí o kò bá wa gbé pẹ̀lú sípíkà yẹn. Bàbá rẹ kò jókòó sí àárín wọn rí. Ó kọ ojú ọ̀kan sí yàrá, ó gbé ìkejì sójú fèrèsé, ó kọ ojú rẹ̀ sí ìta, kí àwọn tó ń fa omi nídìí kànga náà lè gbọ́. Mo ní, "Bàbá Kàdírì, ìdajì orin lẹ̀ ń gbọ́ yìí o. Ọmọ yín ní méjèèjì ló ń para pọ̀." Ó ní, "Ìdajì tó kù wà lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, kò sọ nù." Ó sì ń wa maṣíìnì rẹ̀ lọ.

Mo dé hẹ́ẹ̀dìfóònù rẹ, mo fi kásẹ́ẹ̀tì Kùránì sí i. Bí àlùfáà yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké e láàárín orí mi, mo já a kúrò kíá, ó dà bí ẹni tó wọlé láìkágò. Ó mọ́ kedere, o kò purọ́. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kàdírì, bí mo bá gbọ́ ibi tó dùn, ta ni kí n wò? Nígbà sípíkà, bí akọrin bá dá àpárá kan, bàbá rẹ á gbójú sókè lára fìlà, á wò mí, èmi náà á wò ó, a ò ní sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju orin náà lọ. Mo ń sọ ọ́ fún ọ báyìí torí n kò sọ ọ́ fún un.

Mo ti kó dàdàkúàdà méjèèjì sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Tákàbá ni mo wà, n kò ní fọwọ́ kàn wọ́n, má bínú. Ṣùgbọ́n mò ń lo hẹ́ẹ̀dìfóònù náà lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun alásárì, kí o má baà rò pé wàhálà rẹ já sásán.

Ohun tí mo fẹ́ báyìí kò pọ̀. Mo fẹ́ parí tákàbá yìí láìsí àbùkù. Lọ́jọ́ tí mo bá jáde, kí Bàbá Àgbà kó àwọn ará ilé jọ, kí wọ́n ṣàdúà, kí wọ́n sì jẹ́rìí sí i pé mo ṣọ̀fọ̀ àbúrò wọn bó ṣe yẹ. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó nílé yìí, n kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rí yẹn nìkan ni mo fẹ́. Bí Ọlọ́run bá sì ṣe é, kí ojú tìrẹ náà wà níbẹ̀.

Èmi tí mo bí ọ,
Ìyá rẹ.


Agbolé Aránfìlà,
Pàkátà, Ìlọrin.
29 Oṣù Karùn-ún, 1994.

Kàdírì,

Mo kí ọ. N kò tíì rí èsì lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò lè dúró dè é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Naimat gbé omi wá fún mi lẹ́yìn ìrun alásárì. Ó ní òun sàlámọ̀, òun tún sàlámọ̀, n kò dá òun lóhùn. Ẹ̀rù bà á, ó ká kọ́tìnnì. Ó bá mi létí fèrèsé, hẹ́ẹ̀dìfóònù wà lórí mi, mo ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní mo ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé mo ń rẹ́rìn-ín. Naimat kì í ṣe ìkà èèyàn. Ohun tó rí ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Bàbá Àgbà dé pẹ̀lú àwọn àgbà ilé méjì. Wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Àgbà ní, "Ìyá Kàdírì, kí lo máa ń fi nǹkan yẹn gbọ́?"

N kò dáhùn. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n gbé e sétí ara wọn, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní, "O ti pa á." Wọ́n ṣí ẹ̀rọ, wọ́n bá kásẹ́ẹ̀tì Kùránì nínú rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá kásẹ́ẹ̀tì mìíràn wà. N kò lè purọ́ fún wọn, mo kó dàdàkúàdà méjèèjì jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún wo kásẹ́ẹ̀tì Kùránì. Èyí tí kò sí nínú ẹ̀rọ ni wọ́n gbà pé mò ń gbọ́.

Bàbá Àgbà ní, "Nígbà tí sípíkà Láwàl àbúrò mi wà lójú fèrèsé, kò sí ẹni tí ò mọ ohun tó ń gbọ́. Bó bá fi wáàsí sí i, gbogbo wa la gbọ́. Bó bá fi orin sí i, gbogbo wa la gbọ́, bó bá sì yẹ ká bá a wí, a ó bá a wí. Ìwọ wá bo etí rẹ méjèèjì. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí sí ohun tó ń wọ ibẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò mi la sin, Ìyá Kàdírì. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín."

Wọ́n gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù sílẹ̀ níwájú mi bí ẹni tó gbé ìdọ̀tí sílẹ̀, wọ́n lọ. Wọ́n ní àwọn ó rò ó bóyá ó yẹ kí ilé péjọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bá jáde.

Mo mọ̀ pé ìwọ náà fẹ́ bi mí. N kò tíì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, ó lè burú létí wọn ju orin lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Kọ̀wé sí Bàbá Àgbà. Bẹ̀ wọ́n. Má rojọ́, má dárúkọ ẹ̀rọ rárá. Dọ̀bálẹ̀ sínú ìwé náà. Ní kí wọ́n forí jì mí nítorí ẹni tó kú. Èèyàn rere ni wọ́n, ikú yìí ló mú wọn le, wọ́n á sì rọ̀ bí wọ́n bá rí ọmọ àbúrò wọn nílẹ̀. Tètè kọ ọ́, Kàdírì. Epo ọkọ̀ ti ń wọ́n, ìwé ò sì yá lójú ọ̀nà mọ́.

Ìyá rẹ ni.


Manchester,
19 Oṣù Kẹfà, 1994.

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Lẹ́tà yín méjèèjì dé tẹ̀léra wọn, àti èyí tó dáa àti èyí tó burú, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà lẹ kọ wọ́n. Mo ka èyí tó kẹ́yìn tán, mi ò lè lọ síbi iṣẹ́.

Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Àgbà. Ẹ ní kí n bẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀bẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Kí lẹ ṣe? Mo sọ fún wọn ní tààrà pé èmi ni mo fi dàdàkúàdà ránṣẹ́ sí yín kí ẹ fi tu ara yín nínú, pé bí ẹ bá sì ń gbọ́ ọ, ọmọ yín ló ní kí ẹ máa gbọ́ ọ. Mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún wọn: bó bá jẹ́ sípíkà ni, wọn ì bá rí nǹkan wí, torí orin ì bá jáde sí agbolé. Hẹ́ẹ̀dìfóònù ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí ń bẹ láàárín etí ẹni méjèèjì, ẹni náà àti Ọlọ́run rẹ̀ ló kàn. Mi ò bú wọn. Mo fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́.

Ẹ máa gbọ́ orin yín, Màmá. Mo mọ̀ pé bàbá mi lẹ fi ń rántí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi náà ń ṣe é. Ògiri yàrá mi fẹ́lẹ́. Bí mo bá fi sípíkà gbọ́ orin ilé wa, aládùúgbò mi á máa gbá ògiri, torí náà hẹ́ẹ̀dìfóònù ni mo ń lò. Bó bá ti wà létí mi, bàbá mi wà nínú yàrá. Bí mo bá yọ ọ́, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ mọ́. Mo sunkún lórí ìyẹn lọ́sẹ̀ yìí bí ọmọdé.

Ìwé mi kò tíì jáde. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Mo ti rí hẹ́ẹ̀dìfóònù mìíràn tó fúyẹ́ ju tàkọ́kọ́ lọ, tí kò ní máa mú etí yín gbóná. Mà á fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín tó dúró tì yín,
Àbdùlkàdírì.


Agbolé Aránfìlà,
Pàkátà, Ìlọrin.
17 Oṣù Keje, 1994.

Kàdírì,

Mo kí ọ. Mo ti jáde tákàbá, lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìwé rẹ sí Bàbá Àgbà ti dé ṣáájú ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí wọ́n kà á sí àwọn létí níwájú àwọn àgbà, inú wọn tilẹ̀ dùn pé o kọ̀wé. Nígbà tí ẹni tó ń kà á dé ibi tí o ti ní ìwọ lo fi orin ránṣẹ́ sí mi, Bàbá Àgbà ní ó tó, kí wọ́n ká a. Títí di ọjọ́ yẹn, wọ́n kàn ń fura sí mi ni. Ọmọ tí mo bí ló wá jẹ́rìí fún wọn. Mo ní kí o bẹ̀bẹ̀, o rojọ́, ẹjọ́ náà kì í sì í ṣe tèmi. O kò bi mí bóyá mo gbọ́ orin. Ìwọ náà gbà pé mo gbọ́ ọ, o kàn ní kò burú ni.

Mo bínú sí ọ, Kàdírì. N kò ní purọ́ fún ọ. Ó ń tán lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tán.

Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé tákàbá ti pé, kí n wẹ̀, kí n pààrọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n ilé ò ní péjọ. Mo wẹ̀. Mo wọ aṣọ funfun. Mo gbálẹ̀, mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá ẹnì kan á yí ọkàn padà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo gbọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀. Mo ṣàdúà fún ara mi.

Naimat nìkan ló wá. Ó jókòó sí etí ẹní, ó ń sunkún. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, kí lẹ ń gbọ́?"

Mo gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù, mo fi bò ó létí lórí gèlè rẹ̀. Ó dúró títí. Ó ní, "Ẹ ò tíì tàn án."

Mo ní, "N kì í tàn án."

Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo ní, "Ohun tí èmi náà ń gbọ́ nìyẹn."

Kàdírì, ohun tí n kò lè kọ sí ọ nìyí. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni bàbá rẹ máa ń tan sípíkà rẹ̀. Títí a fi ṣe fìdáù ogójì ọjọ́, èrò ò dá lọ́dọ̀ mi, n kò mọ ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀ sí òwúrọ̀. Nígbà tí èrò wá lọ tán, mo jókòó sójú fèrèsé ní àsìkò yẹn, gbogbo ilé dákẹ́, mo rò pé n ó kú. Kò pẹ́ sí i ni ẹrù rẹ dé. Tìmùtìmù rẹ̀ nípọn, ó di etí gan-an. Mo rí i pé bí mo bá dé e láìtàn án, n kò ní gbọ́ pé ilé dákẹ́. Mo lè máa rò pé sípíkà ń dún lójú fèrèsé, pé maṣíìnì bàbá rẹ ń lọ, pé èmi ni mo di etí mi tí n kò fi gbọ́. N ó wá máa wo àga rẹ̀, n ó máa dúró kó gbójú sókè. Mo rò pé ìgbà míì ó máa ń gbé e sókè. Bóyá ibẹ̀ ni Naimat ti bá mi.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún Bàbá Àgbà? Obìnrin tó gbọ́ orin ní tákàbá, ó ṣẹ̀, ó lè tọrọ àforíjì. Èyí tó ń ṣe bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ò kú, wọ́n á ní ó ń bá Ọlọ́run du ohun tó ti gbà. Bóyá mo sì ń dù ú.

Naimat sọ fún ọkọ rẹ̀. Lánàá, lẹ́yìn ìrun alásárì, Bàbá Àgbà wá, àwọn nìkan. Wọn ò bẹ̀ mí, n kò sì retí ẹ̀bẹ̀. Ohun tí wọ́n ti sọ níwájú àwọn àgbà, wọn ò lè gbé e padà, ilé ò ní péjọ fún mi mọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àga bàbá rẹ. Wọ́n ní, "Gbé nǹkan yẹn fún mi."

Mo gbé e fún wọn. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dé e. Wọn ò ní kí n tan ohunkóhun. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Wọ́n pe ìrun màgáríbà ní mọ́ṣáláṣí, Bàbá Àgbà ò gbọ́ ọ. Èmi ni mo gbá àga kí wọ́n tó yíjú, gbogbo irùngbọ̀n wọn ti tutù fún omijé.

Wọ́n dìde, wọ́n mú un dání, wọ́n gbé e lọ sí yàrá wọn. N kò lè ní kí wọ́n fi sílẹ̀, àbúrò tiwọn náà ló kú. Èyí tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ mọ́. Lónìí, mo kírun alásárì tán, mo jókòó sójú fèrèsé, etí mi ṣí sílẹ̀, mo sì gbọ́ bí agbolé ṣe dákẹ́.

Ìyá rẹ ni,
Ìyábọ̀ Láwàl.